Ibi tí A Fojú Sí, Ọ̀nà Kò Gba Ibẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ibi tí a fojú sí, ọ̀nà kò gba ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ mọ́ ìyá kan lára, ọmọ ìlú Jẹ́bbà ní etí Odò Ọya, níbi tí ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú títì ti ń gba orí afárá rékọjá omi ńlá. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà náà rí kò ní gbàgbé òórùn ẹja yíyan tí ń kí àlejò káàbọ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Ìdí ààrò ẹja ni ìyá yìí ti lo ọdún 34. Orí àpótí kékeré kan ni ó máa ń jókòó sí, tí yóò kọjú sí iná, tí èéfín igi yóò sì kọjú sí i. Ìyá Ẹlẹ́ja ni gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n sí. Bí oníbàárà bá dé, a dìde fùú. Bí oníbàárà bá lọ, a tún jókòó. Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kò sí ẹni tí ó ka iye ìgbà tí ó ń dìde lórí àpótí náà. Òun pàápàá kò kà á, nítorí pé ènìyàn kì í ka ohun tí kò tí ì pàdánù.

Ikọ́ ni ó kọ́kọ́ dé, ikọ́ òwúrọ̀ tí ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Ó pè é ní ikọ́ èéfín, ó ń jẹ orógbó, ó ń lá oyin, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó yá, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já bí ó bá ru agbọ̀n ẹja gòkè láti etí odò. Lẹ́yìn náà, kò lè rìn dé ọjà láìdúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Ìlọrin, ni ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, wọn kò rí ikọ́ ife níbẹ̀. Wọ́n ní kí ó fi gbogbo agbára rẹ̀ fọn atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kan. Atẹ́gùn tí ó yẹ kí ó tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà ń jáde ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́, bí omi inú ìgò tí ẹnu rẹ̀ há. Dókítà wá sọ fún wọn pé àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí kì í lọ bọ̀rọ̀ ni, èyí tí àwọn oníṣègùn ń fi ìkékúrú pè ní COPD.

Àrùn yìí kì í ṣe àrùn ọ̀wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lé ní 3,000,000 ènìyàn tí ó pa ní ọdún 2019 nìkan. Sìgá ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ olówó, ṣùgbọ́n èéfín igi ìdáná, eruku ibi iṣẹ́ àti ikọ́ ife àtijọ́ náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ìwádìí kan tí a ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ láàárín àwọn tí ó pé ọmọ 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn 8 nínú 100 ni ọ̀nà èémí wọn ti há. Ohun tí èéfín ń ṣe ni pé ó ń mú kí àwọn ọ̀nà tóóró inú ẹ̀dọ̀fóró wú kí wọ́n sì dápàá, ó sì ń ba àwọn àpò wẹ́wẹ́ tí atẹ́gùn ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Èyí tí ó bá ti bàjẹ́ kì í padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Oògùn a máa là á, kì í tún un dá.

Ọmọ náà kò fi ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ṣeré. Ó ní kí ó fi ààrò sílẹ̀, èyí sì dára. Ó kó o wá sí ilé ara rẹ̀ ní Ìlọrin, ó ra àga onítìmùtìmù fún un, ó sì fi í sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Láti ọjọ́ náà, ìyá kò gbọdọ̀ bu omi, kò gbọdọ̀ gbálẹ̀, kò gbọdọ̀ fọ abọ́. Bí ó bá ṣí ara kúrò lórí àga báyìí, ohùn ọmọ yóò ti dé láti inú ilé ìdáná pé, “Màmá, ẹ jókòó. Kí ni ẹ fẹ́ mú? Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú un wá.” Oúnjẹ ń bá a níbẹ̀, omi àlùwàlá ń bá a níbẹ̀. Bí ó bá dìde tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ, gbogbo ilé yóò sáré, wọn a sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má pa ara rẹ̀. Mímí hẹlẹ náà ba òun fúnra rẹ̀ lẹ́rù, kò sì pẹ́ tí ó fi gbà pé ohun tí ń mú un wá ni kí òun máa sá fún. Àwọn aládùúgbò ń yin ọmọ náà. Wọ́n ní ẹni tí ó bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bímọ. Wọn kò sì parọ́, nítorí pé ìfẹ́ ni ọmọ náà fi ń ṣe é.

Kí ọdún méjì tó pé, ìró tí ó máa ń yí ìdí ìyá yìí po lẹ́ẹ̀kan ti ń fẹ́ yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Itan rẹ̀, tí ó ti le koko nídìí ààrò, wá tẹ́ẹ́rẹ́ bí apá. Kò lè dìde lórí àga mọ́ àfi tí ó bá fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ sókè. Ó kọ́kọ́ ń di ògiri mú bí ó bá ń kírun. Nígbà tí ó yá, ó ń jókòó kí i. Ẹ̀sìn gba aláìsàn láyè láti jókòó kírun, nítorí náà ìyẹn kò dùn ún púpọ̀. Ohun tí ó dùn ún ni ti ọ̀sán ọjọ́ kan tí ara rẹ̀ dá díẹ̀, tí ó sì ní kí òun tún kírun lórí ẹní bí i ti àtẹ̀yìnwá. Ó forí kanlẹ̀, kò sì lè gbéra mọ́. Itan kọ̀, orúnkún kọ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kọjá, ó rí i bẹ́ẹ̀, ó sì lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé, “Àdúrà Màmá àgbà òní gùn o.” Nígbà tí ọmọ rẹ̀ fi wọlé, omijé ìyá ti rin ẹní.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó sọ nígbà tí wọ́n gbé e dìde. Ó ní, “Kì í ṣe èémí ni ó tán lára mi. Ẹsẹ̀ ni ó kọ̀.” Ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó kà á sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó. Oògùn àyà tí ó lágbára jù ti àtẹ̀yìnwá lọ ni ó ń wá. Gbogbo ojú wà lára àyà. Kò sí ojú kankan lára itan.

Bẹ́ẹ̀ ni òótọ́ ni ìyá náà sọ, òótọ́ tí àwọn onímọ̀ pàápàá kò tètè rí. Ní ọdún 1992, Killian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Kánádà tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti mú kí àwọn tí ọ̀nà èémí wọn há máa wa kẹ̀kẹ́ àdúrólójúkan títí tí wọn kò fi lè wà á mọ́. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n ní ohun tí ó dá wọn dúró, ọ̀pọ̀ nínú wọn dárúkọ ẹsẹ̀, kì í ṣe èémí nìkan. Ní ọdún 1996, Gosselink, Troosters àti Decramer ní ìlú Leuven ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù wọn agbára iṣan iwájú itan irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí i pé bí agbára itan bá ti pọ̀ tó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ń sọ bí ẹsẹ̀ aláìsàn yóò ṣe gbé e jìnnà tó ní ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ẹni tí ó bá ti dáná igi rí. Oríṣi fọ́nrán méjì pàtàkì ni ó wà nínú iṣan. Ọ̀kan dà bí igi ayín: kì í jó wàrà, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ a máa pẹ́. Atẹ́gùn ọ́síjìn ni ó ń lò, òun ni ó sì ń gbé ènìyàn rin ọ̀nà jíjìn. Èkejì dà bí koríko gbígbẹ: ó ń gbiná kíá, ó sì ń kú kíá. Nínú itan ẹni tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró ti mú pẹ́, ayín a máa dín kù, koríko a sì máa gba ipò rẹ̀. Iṣan tí ó di koríko báyìí kò lè lo ọ́síjìn dáadáa mọ́. Bí ó bá ṣiṣẹ́ díẹ̀, yóò ti tú oje kíkan kan tí à ń pè ní ásíìdì láátíìkì sínú ẹ̀jẹ̀. Ara yóò sì fẹ́ mí púpọ̀ sí i kí ó lè mú kíkan náà kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni àìlera itan ṣe ń padà di ẹrù lórí ẹ̀dọ̀fóró tí kò lè gbé ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò rìn, itan rẹ̀ yóò rọ. Ẹni tí itan rẹ̀ rọ, yóò mí hẹlẹ. Ẹni tí ó ń mí hẹlẹ, wọn yóò ní kí ó jókòó. Àyíká náà kò lópin.

Nǹkan kan wà nínú ara kan náà tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba. Iṣan kan tẹ́ bẹẹrẹ láàárín àyà àti ikùn, òun ni olórí iṣan tí a fi ń mí. Ní ọdún 1997, Levine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ iṣan yìí wò lára àwọn tí àrùn náà ti wọ̀ lára gidigidi. Ohun tí wọ́n rí ni pé ayín rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn tí ara wọn le lọ. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó ń ṣàn dé ọ̀dọ̀ òun àti itan, àrùn kan náà ni ó ń bá wọn jà. Ṣùgbọ́n iṣan èémí kò rí ẹni tí yóò sọ fún un pé kí ó jókòó. Tọ̀sán-tòru ni ó ń fa ẹrù tí ó wúwo, ara rẹ̀ sì kọ́ bí a ti ń fara dà á. Itan ni ó rí àga onítìmùtìmù.

Èyí kò wí pé ìjókòó nìkan ni ó ń jẹ itan run. Ohun tí ń mú ẹ̀dọ̀fóró wú a máa bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé ibòmíràn nínú ara. Àìtó ọ́síjìn náà a máa pa iṣan lára. Mímí lásán di iṣẹ́ àṣelàágùn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó ń jẹ lára agbára tí oúnjẹ ń fún un, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ kì í wù ú jẹ púpọ̀. Oògùn prednisolone oníhóró, bí a bá ń gbé e mì fún ìgbà pípẹ́, a máa dín agbára iṣan kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí èyí dá oògùn dúró láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Ìwádìí tí ó tún jáde láti Leuven ní ọdún 2003 fi hàn pé bí àìsàn náà bá le tí a gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, agbára itan rẹ̀ a tún máa dín kù láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ó fi wà lórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun wọ̀nyí, ìjókòó ni èyí tí ọwọ́ ará ilé tètè ń ká.

Kò yẹ kí a dá ọmọ náà lẹ́bi púpọ̀. Fún ìgbà pípẹ́, ìmọ̀ràn àwọn dókítà pàápàá ni pé kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ máa sinmi. Láàárín ọdún 1950 sí 1959 ni Alvan Barach ní New York bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí wọ́n máa rìn. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Thomas Petty àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denver sọ ọ́ di ètò ìtọ́jú gidi. Lónìí, ẹ̀rí rẹ̀ kò ṣeé jà níyàn. Àkójọpọ̀ ìwádìí 65 tí ó jáde ní ọdún 2015, tí àwọn aláìsàn inú rẹ̀ jẹ́ 3,822, fi hàn pé irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ń dín mímí hẹlẹ kù, ó ń dín àárẹ̀ kù, ó sì ń mú kí aláìsàn rìn jìnnà sí i. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 2015 kan náà, a rí aláìsàn 43 tí iṣan wọn ti joro kọjá ààlà tí wọ́n sì parí ètò náà. 12 nínú wọn ni ó kúrò ní ipò ìjoro.

Ilé ìwòsàn ni ìyá àti ọmọ ti pàdé ìmọ̀ yìí, lọ́wọ́ obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú iṣan. Kò gbé nǹkan lé ìyá náà láyà. Ó fi àga kan síwájú rẹ̀, ó ní kí ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí ó dìde kí ó sì jókòó lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ìyá náà dìde lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó di ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó padà ṣubú sórí àga. Obìnrin náà wá béèrè pé, “Màmá, ta ni ó ń bu omi fún yín nílé?” Ọmọ ni ó yára dáhùn, pẹ̀lú ìdùnnú, pé, “Èmi ni, mà. Wọn kì í ṣe nǹkan kan.” Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ ń tọ́jú wọn. Láti òní lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bù ú fúnra wọn.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ètò náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìyókù di ilé. Wọ́n a fi ohun èlò kékeré tí ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ há a ní ìka, yóò fa oògùn rẹ̀ sínú láti ẹnu, lẹ́yìn náà ni yóò rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ìparí rẹ̀. Yóò dìde lórí àga, yóò jókòó. Yóò gbé ìgò tí a rọ iyanrìn sí sókè, yóò sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ láti máa ká ètè jọ tí ó bá ń mí síta, bí ẹni tí ń fẹ́ iná jẹ́jẹ́ kí eérú má baà fò. Èyí nìkan ni kò nílò ẹ̀kọ́ púpọ̀, nítorí pé ó ti fẹ́ iná fún ọdún 34. Nílé, wọ́n ń fún un ní oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà: ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, àti wàrà àwọn Fúlàní. Wọ́n sọ fún wọn pé oúnjẹ nìkan kò tó, nítorí iṣan tí kò ṣiṣẹ́ kò mọ ohun tí yóò fi oúnjẹ ṣe.

Kò rọrùn fún ìyá náà, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ni ó ṣòro fún jù. Láti rí ìyá ẹni tí ń mí hẹlẹ lọ́nà ibi tí omi wà, kí a sì jókòó máa wò ó, kì í ṣe nǹkan kékeré fún ọmọ Yorùbá. Àwọn aládùúgbò tí ó ti ń yìn ín tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ìyá ti sú u. Ní òru ọjọ́ kan ó sunkún. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ wọn ni ó pa á lẹ́kún. Ohun tí ó rò ni pé fún ọdún méjì, ọwọ́ tí òun fi ń tọ́jú ìyá òun gan-an ni òun fi ń bá àrùn jẹ itan rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ẹkún náà nínú òkùnkùn. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó rìn lọ bá a, ó sì jókòó tì í. Ó pẹ́ kí èémí rẹ̀ tó balẹ̀ tí ó fi lè sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ṣé o rí i pé mo rìn wá?”

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹjọ pé, wọ́n tún ní kí ó fọn atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ. Ohun tí ẹ̀rọ náà sọ kò yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ̀dọ̀fóró kò di ọ̀tun. Ṣùgbọ́n ó dìde lórí àga lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó sì kà á sókè fúnra rẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé bí ó bá dá ìrìn dúró, láàárín oṣù díẹ̀, ohun tí ó rí gbà yóò tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ni ó fi ń rìn yí ilé ká láràárọ̀, tí ó sì ń lọ bu omi àlùwàlá rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó tún forí kanlẹ̀ lórí ẹní, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sáré fẹ́ lọ gbé e dìde. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó ní, “Fi wọ́n sílẹ̀.” Ìyá àgbà mí lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti ọwọ́ kan mọ́lẹ̀, ó sì dìde.

Gbogbo ẹni tí ó ní òbí tí ikọ́ àti èémí ń dà láàmú ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ jẹ́ kí a gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí a mú wọn kúrò nídìí èéfín àti sìgá, kí a sì má fi oògùn wọn jáfara. Kí dókítà tó mọ ipò ọkàn àti ọ́síjìn wọn, kí a má kàn tì wọ́n síta pé kí wọ́n máa rìn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fún wọn láyè, ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, kí a má sì jẹ́ kí mímí hẹlẹ wọn dẹ́rù bà wá ju bí ó ti yẹ lọ. Ọmọ tí ó bá ìyá rẹ̀ bu omi ṣe dáadáa. Èyí tí ó dúró tì í, tí ó ń ṣọ́ ọ títí tí ó fi bù ú fúnra rẹ̀, kò ṣe é níkà.